Eugene: ìlú tó fi ilẹ̀ yẹ́ àwọn asáré rẹ̀ sí

Ẹ ò lè dárúkọ Eugene létí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kó má rántí July 24, 2022. Ọjọ́ yẹn ni Tobi Amusan sáré ọgọ́rùn-ún mítà onídènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje àgbáyé eré sísá tó wáyé níbẹ̀, tó sì gba rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé lọ́wọ́ Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà, tí 12.20 tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2016. Tobi ló ń mú ọmọ Yorùbá gbèrò àtilọ síbẹ̀, kò sì burú. Àmọ́ ẹni tó bá débẹ̀ á rí i pé ìlú náà ti ń yẹ́ asáré sí tipẹ́tipẹ́, àti pé ohun tó fi ń yẹ́ wọn sí ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé: ilé gogoro, àpáta, ọ̀nà inú ọgbà, pápá ilé ìwé. Ọjọ́ méjì tó fún gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan ní Eugene, ọjọ́ kejì ní Coos Bay létí òkun.

Ìpínlẹ̀ Oregon ni Eugene wà, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Kò sí bàálù tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ lè pààrọ̀ bàálù ní Seattle, Denver tàbí San Francisco, kẹ́ ẹ já sí pápákọ̀ òfurufú Eugene fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ sábà máa ń ga. Portland ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ̀ sí, wọ́n á wá gba ọ̀nà I-5 wọ gúúsù. Kìlómítà bíi 180 ni, wákàtí méjì bí kò bá sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọkọ̀ ojú irin Amtrak náà ń ná an. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ìlú, bọ́ọ̀sì EmX ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Agate lójú Franklin Boulevard. Ẹ wá máa fẹsẹ̀ tẹ̀lé Agate Street lọ sí ọ̀nà gúúsù. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti dé Hayward Field, pápá tí Tobi ti sá eré rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Wọ́n á fẹ́ lọ nígbà ìdíje Prefontaine Classic, èyí tó dáa, ṣùgbọ́n ìdíje náà kì í jókòó sójú kan nínú ọdún: September ni ní 2023, May ní 2024, July ní 2025. Ẹ rí déètì ọdún yẹn kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kẹ́ ẹ sì gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣáájú, torí owó yàrá máa ń fò sókè lọ́sẹ̀ ìdíje. Ohun kejì tí àlejò kì í mọ̀ ni eruku koríko. Àfonífojì Willamette, níbi tí Eugene wà, ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin koríko fún irúgbìn, oko lọ súà. Tó bá ti ń di ìparí May títí wọ July, eruku tó ń bọ́ lára ìtànná koríko yẹn á gba afẹ́fẹ́ kan: ojú á máa yún, imú á máa ṣomi. Asáré tó ti fi oṣù mẹ́fà múra sílẹ̀ lè débẹ̀ kó má lè mí dáadáa. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó mú oògùn rẹ̀ dání. August àti September bọ́ lọ́wọ́ eruku, ṣùgbọ́n èéfín iná igbó lè dé. October sí April, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ṣáá.

Ilé gogoro Hayward Field lẹ máa kọ́kọ́ rí, ní igun Agate Street àti East 15th Avenue. Bill Hayward tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà kọ́ àwọn asáré Yunifásítì Oregon láti 1904 títí di 1947. Ọdún 1919 ni wọ́n ṣí pápá náà. Ìjókòó onípákó àtijọ́ tó wà ní ìlà oòrùn kò sí mọ́. Ọdún 2018 ni wọ́n wó o, àwọn ará ìlú kan sì bínú gan-an. Pápá tuntun tí wọ́n ṣí ní 2020 ló gbà wá lálejò ní 2022, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje àgbáyé ti ìta gbangba wáyé ní Amẹ́ríkà.

Ojú èèyàn márùn-ún ló wà lára ilé gogoro náà. Bill Bowerman ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó da rọ́bà sínú irin tí wọ́n fi ń yan wáfù láti fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, tí òun àti Phil Knight dá ilé iṣẹ́ tó padà di Nike sílẹ̀. Steve Prefontaine ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ashton Eaton gba góòlù Òlíńpíìkì nínú eré oníṣẹ́ mẹ́wàá ní 2012 àti 2016. Orí pápá yìí kan náà ló ti gba máàkì 9,039 ní 2012, tó di rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé nígbà náà. Raevyn Rogers gba idẹ nínú 800 mítà ní Òlíńpíìkì Tokyo. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ dúró wò dáadáa ni Otis Davis. Ọmọ Alabama ni, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló gbé e dé Oregon, kò sì bẹ̀rẹ̀ eré sísá gidi àfi lẹ́yìn tó ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Ní Òlíńpíìkì Rome ní 1960, ó sáré 400 mítà ní 44.9. Ọmọ Jámánì tó sá tẹ̀ lé e náà sá 44.9, fọ́tò ni wọ́n fi mọ ẹni tó ṣáájú. Kò sí ẹni tó tíì sá a wọ abẹ́ 45 rí kí àwọn méjèèjì tó sá a lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n bí sí Oregon. Alabama ni Davis ti wá, Houston ni Rogers. Ẹni tó bá wọ aṣọ ilé ìwé wọn, tó sì sáré dé òkè, ọmọ wọn ni. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi ní rí ojú Tobi níbẹ̀, torí Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso lòun lọ. (Ẹ má dúró sábẹ́ ilé náà gan-an láti ya fọ́tò. Ìdí ilé kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú ẹnì kankan. Ẹ kọjá sí òdìkejì Agate Street.)

Ẹnubodè pápá kì í ṣí nígbà gbogbo, pàápàá lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe ìgbáradì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà yunifásítì ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ráyè wọlé, ẹ wá ìlà gbọọrọ tí wọ́n ti ń sá 100 mítà, kẹ́ ẹ fojú wọn ohun tí Tobi ṣe. Mítà 13 ló wà láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdènà kìíní, 8.5 láti ọ̀kan dé èkejì, 10.5 láti ìkẹwàá dé òpin. Ìdènà kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé láàárín ìdènà méjì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ gbá ìdènà kan, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ti dàrú, kò sì sí àyè tó fi máa tún un ṣe kí èyí tó kàn tó dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Tobi tún sá 12.06 nínú àṣekágbá. Ìdí tí aago yẹn kò fi wọ ìwé ni pé atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn tó mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 2.0 ni òfin gbà. 0.9 ló wà nígbà tó sá 12.12. Ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba góòlù ìdíje àgbáyé yìí, Ese Brume náà sì gba fàdákà nínú fífò jìnnà lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Nígbà tí Tobi dé, Ìpínlẹ̀ Ògùn fún un ní ilé àti owó, ìjọba àpapọ̀ fi oyè OON dá a lọ́lá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Asáré ń jẹun, ó ń sanwó ilé. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo ìdènà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò lè lọ fọwọ́ kan OON. Orúkọ olóṣèlú ló sì pọ̀ lára pápá ìṣeré wa. Ti Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, tó jẹ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù, wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣọ̀tọ̀.

Láti Hayward, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé àpáta Pre. Ó lé díẹ̀ ní máìlì kan, òkè ni ẹ óò sì máa gùn: ẹ gba Fairmount Boulevard, ẹ bọ́ sí Birch Lane, ẹ yà sí Skyline Boulevard. Steve Prefontaine, tí gbogbo ìlú ń pè ní Pre, sáré 5,000 mítà ní Hayward ní May 29, 1975, ó sì borí. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, ọkọ̀ MG rẹ̀ dojú dé níbi àpáta yìí. Ọmọ ọdún 24 ni. Nígbà tó kú, òun ló ni gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà láti 2,000 mítà dé 10,000. Ìdíje kan wà tí wọ́n ti ṣètò fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é, òun náà ló di Prefontaine Classic.

Ojú ọ̀nà tóóró ni, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, kò sí ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ máa rìn níbi tẹ́ ẹ ti lè rí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, ẹ má lọ lálẹ́. Ẹni tó bá wa mọ́tò lọ kó mọ̀ pé àyè ìgbọ́kọ̀sí kéré. Níbẹ̀, ẹ óò rí àmì ẹ̀yẹ, bàtà asáré, nọ́ńbà àyà, òdòdó tí àwọn asáré gbé sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, kó yan ohun tí òjò kò lè tètè bà jẹ́. Lẹ́tà orí bébà kì í pẹ́ di ẹ̀kọ. Nọ́ńbà àyà tí kì í ya ló dáa jù. Ẹ fi bírò tí omi kì í fọ̀ kọ orúkọ àti aago yín sí i. Ẹ má tan àbẹ́là, ewéko ibẹ̀ máa ń gbẹ fúrúfúrú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má sì mú nǹkan ẹlòmíràn.

Ọ̀nà Pre wà lódìkejì odò Willamette, nínú ọgbà Alton Baker. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà tẹ́ ẹ máa gbà. Pre ti rí irú ọ̀nà rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ó sì ń rọ ìlú pé kí wọ́n ṣe tiwọn. Ó kú kí wọ́n tó ṣí i. Èépá igi ni wọ́n dà sí i, kò sì ní pa eékún yín lára bíi kọnkéré. Tí òjò bá rọ̀ púpọ̀, àwọn ibì kan máa ń mu omi, nítorí náà ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kejì lọ.

Ọjọ́ kejì, ẹ háyà mọ́tò. Coos Bay, ìlú tí wọ́n bí Pre sí ní 1951, jìnnà tó kìlómítà 185: ọ̀nà 38 títí dé Reedsport, kẹ́ ẹ wá gba 101 sí gúúsù. Kọ́nà pọ̀ lórí 38, kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀ jókòó níwájú. Ibi ìsìnkú Sunset Memorial Park ni sàréè rẹ̀ wà, ilé àwòrán ìlú náà sì ní yàrá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. September ni ìdíje ìrántí rẹ̀ máa ń wáyé lọ́dọọdún, kìlómítà 10, pẹ̀lú òkè tó máa ń tú èémí ẹni tó bá kù gììrì bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa agbára mọ́ dé ìparí, torí orí pápá ilé ìwé Marshfield, níbi tí Pre ti kọ́ eré sísá, ni ìlà òpin wà, àwọn ará ìlú á sì ti jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo.