Eruku Pákó àti Gíríìsì

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀rọ CNC (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ pákó) tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Orúkọ ọmọ ìkókó kan ni mo ń fi gbẹ́ sára pákó. Ìgbà tí mo máa wò ó, lẹ́tà "O" ti gùn bí ẹyin adìyẹ.

Ẹ̀bi mi ni. Gíríìsì ni mo máa ń kùn bo réèlì rẹ̀, irin gbọọrọ tí orí ẹ̀rọ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀, bámúbámú. Mo fi èékánná ha á: ó dúdú, ó ki bí àmàlà àná. Eruku pákó ló ti pò mọ́ ọn, tó wá ń há bíárìn tó ń gbé orí ẹ̀rọ rìn lórí réèlì lọ́fun.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún mọ́tò ṣe ládùúgbò Agric ní kí n fọ́n WD-40, òróró inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sára irin tó dípẹtà, sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn dáa fún ìpẹtà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gbẹ." Wọ́n ní mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mo yọ wáyà iná (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí), mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ̀ ọ́, mo fi àkísà nù ún gbẹ. Òróró maṣíìnì ìránṣọ ló kàn, ẹ̀kán méjì péré lórí réèlì kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi ọwọ́ tì í lọ, tì í bọ̀, títí ó fi ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà láti Ẹ̀búté ò kúkú jẹ́ kí irin sinmi, nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń nù ún báyìí. Mo tún "O" yẹn gbẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó rí roboto.