Ọdún tí mo fi dúró de omi

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2025 yìí, mo kọ nǹkan mẹ́ta sẹ́yìn ìwé owó oṣù mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Kí á kun ọkọ̀ ojú omi wa tán kí Àjíǹde tó dé. Kí n fi ìgbòkun lọ sí Gravesend, ìlú kan ní ìsàlẹ̀ odò Thames, kí n sì padà. Kí Tólú bá mi wọ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, epo ọbẹ̀ ti ta sí i. Lánàá ni ìyàwó mi nàka sí i, ó ní, "Bàbá Tólú, èwo lẹ ṣe níbẹ̀?" Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun ná.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní London, Thamesmead ni mò ń gbé, láti 2021 ni mo sì ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Greenwich Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun rìn lórí odò Thames. Àrùn Kòrónà ló gbé mi débẹ̀. Nígbà tí ìlú dákẹ́, tí bọ́ọ̀sì ń rìn láìsí èrò, tí mo bá dé ibùdókọ̀ North Greenwich tí mo ní ìsinmi díẹ̀, etí odò ni mo máa ń rìn lọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tí wọn ò lè lọ síbì kankan, bí àwa náà. Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn, mo wọlé lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà.

Bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ olówó ni, pé wáìnì là ń mu lórí ọkọ̀ funfun. Kí wọ́n wá wò mí ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ ọkọ̀, tí mò ń fi irin ha ọ̀dà àtijọ́, tí eruku rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú pẹ̀lú ìbòmú tí mo fi bò ó. Èmi àti ọmọ Jàmáíkà kan la jọ ra ọkọ̀ náà. Wayfarer ni, irú èyí tí Ian Proctor yàwòrán rẹ̀ ní 1957. Kò gùn tó mítà márùn-ún, pákó ni tiwa, ó sì dàgbà jù mí lọ. Ìyàwó mi ní owó tí à bá fi ra ilẹ̀ ní Mòwé ni mo fi ń ra okùn. Kò purọ́ pátápátá.

Àwọn òṣìṣẹ́ orí odò ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1908. Ìsàlẹ̀ Riverway ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ní àdúgbò ilé ọtí Pilot tó ti wà níbẹ̀ láti 1801. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá Millennium Dome fún ọdún 2000, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ilé mìíràn fún un, orí òpó inú odò ni wọ́n kọ́ ọ sí, gíláàsì ló pọ̀ lára rẹ̀. Bí omi bá kún, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ló ń gbà kọjá bí o ti ń mu tíì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, mo bi bàbá òyìnbó kan tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ pé, "Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún yín?" Ìbéèrè náà kò yé e. Ó ní ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, ìpàdé lórí ìpàdé.

Máróko ní Èkó ni wọ́n bí mi sí, ìdí tí mo fi bi í nìyẹn. Ní oṣù Keje 1990, ọjọ́ méje ni ìjọba fún wa láti kó jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ tó 300,000 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fojú bù ú. Ìyá mi ru orí máṣíìnì ìránṣọ, mo gbé dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tó kún fún abẹ́rẹ́ àti ìdè bọ́tìnnì, ó ń dún ṣakaṣaka ní gbogbo ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ilé sórí omi dè wá.

N kò fi ìyẹn bínú sí àwọn ará Greenwich o. Inú mi dùn fún wọn. Ó kàn máa ń dùn mí díẹ̀ bí mo bá jókòó nídìí fèrèsé yẹn.

Ọdún yìí, àyíká wa kò sinmi. Ní oṣù Kejì, wọ́n so gbogbo ẹnu ihò omi ìdọ̀tí tó kù mọ́ ọ̀nà ńlá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tideway, kìlómítà 25 ni, kí ìgbẹ́ má baà máa ṣàn wọ odò nígbà tí òjò bá rọ̀. Èmi tí mo ti ṣubú sínú omi náà rí, ẹ ò lè mọ bí mo ṣe dúpẹ́ tó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ omi Silvertown, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó níbẹ̀ àti ní ọ̀nà abẹ́ omi Blackwall tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀: £4 fún mọ́tò nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, £1.50 nígbà tí kò bá pọ̀. Ẹni tó ń ti òdìkejì odò wá kun ọkọ̀ ní láti ronú kó tó gbé mọ́tò báyìí. Àwọn ilé gogoro náà sì ń pọ̀ sí i, wọ́n ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ìgbòkun á kún dáadáa, bí o bá dé ẹ̀yìn ilé kan, á rọ̀ wọ́jọ́.

Ó wá ku Gravesend. Ẹ ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí wọ́n ti kó lẹ́rú, rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òmìnira nígbà tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Deptford ní oṣù Kejìlá 1762. Ọ̀gá rẹ̀ fipá mú un sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n bá odò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tà á ní Gravesend fún ọ̀gákọ̀ tó ń lọ sí West Indies. Kọ́nà odò tí kíláàbù wa wà yìí ni wọ́n gbà. Mo fẹ́ bá a lọ dé ibi tí wọ́n ti tà á, kí n sì padà wálé.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, omi kún ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Iṣẹ́ òru ni mo ti bọ̀, mo ní kí n kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ká tó kúrò ní èbúté, omi sì ti ń fà. A tú ìgbòkun wálẹ̀ ní Thames Barrier, ìdènà ńlá tí wọ́n fi ń dá ìkún omi dúró, nítorí ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n gbà kéèyàn fi kọjá níbẹ̀, a pè wọ́n lórí rédíò ní ìkànnì 14, wọ́n ní ká máa bọ̀. A kọjá Woolwich, a kọjá Gallions Reach níbi tí ọkọ̀ Princess Alice rì sí ní 1878 pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 600. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ yí, ó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ó ń kọlu omi tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbì kéékèèké ń gún wa níṣu. A ní ká padà. Ẹ́ńjìnnì wa kékeré kò ká omi náà. A sún mọ́ etí bèbè, a ju ìdákọ̀ró, a ní ká dúró. A gbàgbé pé odò yìí lè fi mítà méje fà láàárín wákàtí mẹ́fà. Nígbà tí a máa wòye, ọkọ̀ ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, àwọn ẹyẹ sì ń rìn kọjá níwájú wa. A sọ lórí rédíò pé kò sí wàhálà, pé a kàn jókòó ni. Aago méjìlá ààbọ̀ nìyẹn.

Mo gbójú sókè, mo sì rí fèrèsé ilé mi.

Láìpẹ́, Tólú dé ọ̀nà etí odò, bàtà ilé ló wọ̀. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló wà láàárín wa. Ó pariwo pé, "Dádì, Mọ́mì ní ṣé ibẹ̀ lẹ ti máa jẹun ni?" Ọmọ Jàmáíkà yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó ìgbòkun. Tólú ya fọ́tò, ó fi sórí WhatsApp ẹbí. Kí omi tó padà gbé wa ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ohùn ìyá mi ti wọlé láti Ìláṣàn: "Àkànní, ẹrẹ̀ Máróko lo tún wá lọ sí ìlú òyìnbó? Ẹrẹ̀ tí mo fọ̀ lára ẹ tí ọṣẹ fi tán?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Láti ọdún 35 báyìí, n kò gbọ́ kó fi ẹ̀rín dárúkọ ibẹ̀ rí.

Ọ̀dà ọkọ̀, oṣù Karùn-ún la tó kùn ún tán, Àjíǹde ti kọjá tipẹ́. Tólú wọ ọkọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó fi ọ̀rá wé fóònù rẹ̀, ó ní òtútù pọ̀. N kò dé Gravesend.

Ọkọ̀ ti wà lábẹ́ tapólì báyìí. Mo ti ra ìwé àkókò omi ti 2026. Sátidé kan wà nínú oṣù Karùn-ún tó yẹ wá, mo sì ti bẹ àwọn ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n má fi mí sí iṣẹ́ òru ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.