Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bsaìtì

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kábà níbí ni mo ti ṣe wẹ́bsaìtì àkọ́kọ́ mi, ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta gààrí, pẹ̀lú editor tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa fa nǹkan síbi tó bá wù ú ni, kò sí kóòdù kankan. Ẹ má kàn kó ọ̀rọ̀ látinú Word wá lẹ̀ ẹ́ o! Ìlà kan á tóbi, èkejì á rí tín-ín-rín, odindi ọ̀sán kan ni mo fi ń wá ibi tó ti bàjẹ́, àṣé Ctrl+Shift+V ló yẹ kí n tẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán nìkan ló máa wọlé, láìsí ìrísí tó ní nínú Word. Fọ́tò gààrí náà ńkọ́? 5MB, ó ti wúwo jù! Ìgbà tí mo dín in kù ló tó ṣí lórí fóònù màmá mi. Kẹ́ ẹ sì máa tẹ save léraléra, torí iná kì í dágbére kó tó lọ.