Tíífì géèmù, ìgbà kẹrin: àwọ̀ ti wọlé

Àwọ̀ ti wọlé o! Aago méjìlá òru ti kọjá bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, wọn ò tíì mú iná lọ, Mario ń sáré lójú tíífì ẹlẹ́yìn ńlá yẹn tòun ti fìlà pupa ẹ̀, inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí rárá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo fi ń ṣe géèmù àtijọ́ lójú tíífì yẹn, wáyà AV ni mo fi so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ti yanjú. Ti kámẹ́rà lèyí tí mo ní, ètò inú ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Raspberry Pi 3, mo ki orí pupa bọ ihò yẹ́lò, àwòrán sì jáde.

Àwọ̀ ló fojú mi rí nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé mo ti pa àpótí tó ń sọ HDMI di AV tì, torí ó ń falẹ̀, o ti tẹ bọ́tìnì tipẹ́ kí Mario tó fò, á ti já sí kòtò, 576i ló sì ń gbé jáde, ìyẹn ìlà 576 tó ń yà ní ìdajì-ìdajì, gbogbo ìlà ń gbọ̀n. Èmi 240p, ìyẹn ìlà 240 tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ni mò ń wá, bí ẹ̀rọ ìgbà yẹn ṣe máa ń yà á, ìlà kan náà lójú ibi kan náà nígbà gbogbo, kí àlàfo dúdú tín-ín-rín wà láàárín wọn. Mo kọ sdtv_mode=16 sínú config.txt, fáìlì ètò Pi, mo pa Pi mo tún un tàn, àwòrán dúró gbọn-in, ìlà mú bí abẹ. Àmọ́ bíláàkì àǹ wáìtì ni!

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a. Mo pààrọ̀ wáyà, mo nu ihò, mo yí kọ́lọ̀ nínú mẹ́nù tíífì dé òkè pátápátá, pàbó. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń tún tíífì ṣe ládùúgbò wa, wọn ò tiẹ̀ tú u, wọ́n ní, "Ọmọ mi, PAL nìkan leléyìí gbọ́." Ó wá yé mi. PAL àti NTSC, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àwọ̀ ránṣẹ́ sí tíífì ni wọ́n. NTSC ni 16, orí 3.58 MHz ló ń gbé àwọ̀ ẹ̀ sí, orí 4.43 MHz sì ni tíífì mi ti ń wá a. Ó ń rí àwòrán, kò rí àwọ̀.

Mo ti fẹ́ ra àpótí tó ń sọ NTSC di PAL, ẹni tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Alaba ní òun ní in. (Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dé Alaba, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lójú tíífì kẹ́ ẹ tó sanwó, bó tiẹ̀ jẹ́ inú páálí ló wà.) Ibi tí mo ti ń ka owó lẹ̀gbọ́n mi wọlé, wọ́n gbọ́ orin Mario, wọ́n ní, "Kí ló dé tórin yẹn yá báyìí? Kì í yá tó báyẹn nílé wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú gbogbo ẹ̀! 60 Hz, ìyẹn àwòrán ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni ti Japan àti Amẹ́ríkà. Tíífì géèmù tiwa nílé, ayédèrú tó ń ṣiṣẹ́ lórí PAL, 50 ni. Kí wá ni mò ń lé 60 kiri fún?

Mo sọ 16 di 18 tó jẹ́ ti PAL, àwọ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ Mario ń ta gìrì, torí àwòrán 60 ò lè gba inú 50 kọjá. Mo wá wọ FCEUmm, ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, nínú RetroArch, mo gbé region sí Dendy, ìyẹn orúkọ ayédèrú tí wọ́n tà ní Rọ́ṣíà láti 1992. Ẹ má gbé e sí PAL o, torí CPU, ìyẹn ọpọlọ, NES (ẹ̀rọ géèmù Nintendo) ti PAL gangan ń lọ ní 1.66 MHz, ohùn á wálẹ̀, àmọ́ 1.77 ni ti Dendy, ó sún mọ́ 1.79 ti Japan, ohùn ò yẹ̀, orin kàn rọra ń lọ ni. Gírígírí tán. Dúdú díẹ̀ kù lókè àti nísàlẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án, bó ṣe wà nígbà yẹn náà nìyẹn.

Owó àpótí ti di owó páàdì USB méjì báyìí, torí ẹ̀gbọ́n mi ti gba ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní, wọn ò sì tíì fi sílẹ̀.