Ẹ Béèrè Obì Kí Ẹ Tó Ya Àwòrán Ọkàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe dókítà ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, bí ẹnìkan bá di àyà mú wọlé, ẹ má tíì dárúkọ MRI, ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara. ECG, àyẹ̀wò iná mànàmáná ọkàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, kí ẹ sì fa ẹ̀jẹ̀ fún troponin, ohun tó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan ọkàn bá farapa. Ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ dí lójijì ò ráyè dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Ìgbà tí ara bá ti rọ̀ ọ́, tí ọ̀rọ̀ ò sì yé wa, ni MRI wúlò. Troponin ga, wọ́n yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ wò, kò dí. Kí ló wá ṣe ọkàn? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí jù. A ó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ gadolinium, oògùn tó ń mú àpá hàn nínú àwòrán, a ó dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, àpá á sì funfun lára iṣan ọkàn tó dúdú. Ibi tí funfun náà wà ni kí ẹ wò. Bó bá ti inú bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ síta, tó sì bá ọ̀nà òpó ẹ̀jẹ̀ kan mu, àìrí ẹ̀jẹ̀ tó ló fà á. Bó bá wà lápá òde, tí inú lọ́hùn-ún mọ́, ẹ ronú iṣan ọkàn tó wú, èyí tí fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń fà. Ìtọ́jú wọn ò jọra.

Ẹni tí àyà ń dùn bó bá gun òkè, oògùn adenosine la máa ń fún un nígbà MRI kí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn lè là, ká rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé dáadáa. Kaféènì ń dí adenosine lọ́wọ́. Ẹ béèrè kọfí lọ́wọ́ bàbá àgbà kan, á ní òun ò mu ún rí, òótọ́ ló sì ń sọ, àmọ́ obì gbánja wà lápò rẹ̀! Kaféènì pọ̀ nínú obì. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ jẹ obì láti àná?” Ẹ béèrè Lipton náà. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ẹ sún àyẹ̀wò síwájú, torí àwòrán lè ní ẹ̀jẹ̀ ń dé ibi tí kò dé. Ẹ béèrè ásímà pẹ̀lú, torí adenosine lè mú un dìde.

Kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀rọ, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mí sóde kí wọ́n sì dá èémí dúró, ní Yorùbá tó yé wọn. Bó bá jẹ́ ọdẹ, ẹ béèrè bóyá ọta ìbọn ti bà á rí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, X-ray ló kàn, kì í ṣe MRI.