Ẹ dé síbi ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú: ohun tí ọ̀nà Ìjùmú kọ́ mi

Nígbà àkọ́kọ́ tí a wa ọkọ̀ láti Èkó lọ síbi ìpàdé ẹbí bàbá mi ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, àdúrà ìparí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ nígbà tí a wọ àgbàlá. Ọkọ mi pa ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ wa mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ tòun ti oorun lójú, gbogbo ilé sì yíjú sí wa. Kò sẹ́ni tó bá wa wí. Wọ́n kí wa káàbọ̀, wọ́n bu iyán fún wa, a ya fọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti wà lójú títì, a ń padà bọ̀ l'Ékòó. Nígbà tí a dé Ìkọ̀lé, mo bú sẹ́kún nínú ọkọ̀, n kò sì lè ṣàlàyé fún ọkọ mi ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti tún lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ìpàdé ẹbí nínú ìsinmi oṣù kẹjọ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín kò tí ì sun oorun mọ́jú nílé bàbá yín rí. Ìpàdé tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, ìkádìí ọ̀rọ̀ ni. Lóko, nídìí ààrò àti lọ́ọ̀dẹ̀ àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, láti bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó bá dé lọ́jọ́ ìpàdé, àjẹkù ọ̀rọ̀ ló bá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Láti Èkó, a máa ń gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Adó-Èkìtì, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, títí dé Ọ̀mùò. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Èkìtì parí sí, tí a ó fi bọ́ sí Ìyàmoyè ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ará Yàgbà tí wọ́n ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú lè gba Ìlọrin àti Òmù-Àrán. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ la kúrò nílé. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, ọjọ́ tí èrò ìsìn òru máa ń dí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn pa. Ọjọ́ ti rọ̀ kí a tó já sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn Iléṣà, táyà ẹ̀yìn bẹ́, a sì rí i pé kò sí atẹ́gùn kankan nínú sípíà tí a gbé sínú búùtù. Adó la sùn. Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ìpàdé gan-an, ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà la jókòó sí di aago mọ́kànlá.

Nísinsìnyí, ọjọ́rú la máa ń lọ, a sì máa ń kúrò nílé kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mẹkáníìkì á ti wo bíréèkì, á ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà márààrún, á sì ti pààrọ̀ ọwọ́ wáípà. Lóòótọ́, òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n èyí tó bá wa lẹ́bàá Ọ̀yẹ́ lọ́dún kejì kò jẹ́ ká rí iwájú rárá. Adó la ti máa ń kún epo bẹntiróòlù dẹ́nu. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, nítorí nẹ́tíwọ̀kì lè má sí fún ẹ̀rọ POS lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù lọ. Tí ẹ bá dé Ìkirè, ẹ ra dòdò Ìkirè fún àwọn ọmọ. Tiwa kò bèèrè oúnjẹ mọ́ títí a fi kọjá Iléṣà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi bò. Ẹ má rìn lóru. Igbó ni láti Ọ̀mùò lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa, àwọn ajínigbé sì ti da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú lágbègbè náà. Ìkọ̀lé la ti máa ń pe ilé láti bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti kọjá tí a ò tí ì kúrò ní Ìkọ̀lé, ibẹ̀ la máa sùn. Ẹ má sì gbé àwòrán ìrìn àjò yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi padà délé. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn láti fi han àwọn ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù.

Ó ku ọ̀rọ̀ búùtù, òun ló sì dùn mí jù. Lọ́dún àkọ́kọ́, a kó omi inú ike, búrẹ́dì, Indomie àti àga oníke kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dẹ́nu, bí ẹni pé ibi tí oúnjẹ kò sí là ń lọ. Ní àárọ̀ tí a fẹ́ padà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé iṣu tuntun jáde, ogún, ó tò wọ́n sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mẹ́rin péré ló rí àyè. Mo dúró, mo ń wò ó bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣa ìyókù padà sínú agbọ̀n. Ó ní kò burú, ó tún rẹ́rìn-ín. Iṣu yẹn ni ohun tó ní láti fi sọ fún mi pé ọmọ bàbá mi ni mí. Ẹkún tí mo sun ní Ìkọ̀lé, torí rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ pe ilé kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ohun tí Ìyá Àgbà bèèrè lọ́dún kejì ni iyọ̀, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn ara ríro. Gbogbo rẹ̀ kò kún àpò kan.

Ẹ lo wákàtí inú ọkọ̀ fún àwọn ọmọ. Àkọ́bí mi bèèrè pé ṣé Yorùbá ni wá lóòótọ́, nítorí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan sọ fún un pé kò sí Yorùbá ní Kogí. Mo sọ fún un pé nígbà tí wọ́n bí mi, Kwárà ni apá ọ̀dọ̀ wa wà, òun ló sì wà nínú ìwé ìbí mi. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogí sílẹ̀, tí wọ́n sì kó wa síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé wa kò kúrò lójú kan, èdè wa kò sì yí padà. Mo kọ́ wọn ní ìkíni wa, «Okun o», tó ti di orúkọ tí wọ́n ń fi pe gbogbo wa pọ̀: Òwé tó ni Kábà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Òwòrò. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó dọ̀bálẹ̀, tó sì ní «Okun o», Ìyá Àgbà fa ọwọ́ rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a lọ sóko. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ìlú bóyá ọ̀nà oko dára, méjì nínú wọn sì bá wa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má kàn mú ọmọ wọ oko láìbèèrè. Ọ̀nà oko ń yọ̀ nítorí òjò, a fi ọkọ̀ sílẹ̀, a fi bàtà rọ́bà rìn. Ọmọ mi fẹ́ fa iṣu tu, Ìyá Àgbà dá a dúró. Ó fi ọwọ́ hú ilẹ̀ ebè yí iṣu náà ká, ó gé e lórí, ó sì fi ilẹ̀ bo ìdí ìtàkùn padà kí ó má baà kú, kí ó lè tún ta èyí tí wọ́n máa fi gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mo ti ń jẹ iyán láti kékeré.

Lẹ́yìn náà ló mú wa dé ìdí pèrègún kan, ó ní láti ibẹ̀ dé odò, ti bàbá mi ni. Igi kọfí díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ga jù, tí ewé igbó bò wọ́n. Bàbá mi ló gbìn wọ́n. Nígbà tí kọfí kò mówó wá mọ́, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin gé èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ó gbin kajú sí i láìsọ fún wọn. Ohun tó fà á nìyẹn tí bàbá mi kò fi wálé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti kékeré ni mo ti gbà pé bàbá mi kò fẹ́ràn abúlé. Wọ́n kú láìsọ ọ̀rọ̀ kọfí fún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà. A jókòó, a jẹ àgbàdo sísun, a sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà débi tó yẹ kó dé: wọ́n á máa ká kajú wọn, ilẹ̀ á wà ní orúkọ bàbá mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kàn níbi ìpàdé ní ọjọ́ kejì, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà á rò pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Owó ìpàdé, ẹ san án sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání. Ẹ má sì padà ní ọjọ́ Àìkú, nítorí lẹ́yìn ìsìn ni àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò máa ń wá bá yín jókòó.

Lọ́dún yìí, mo ti gba ọjọ́ mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Mo pe Ìyá Àgbà lánàá; ó ní iyọ̀ àti ọṣẹ náà ni, kí n fi gíláàsì ojú kún un, nítorí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyẹn máa wà ní ẹsẹ̀ mi níwájú. Ọkọ mi ti yọ àga oníke kúrò nínú búùtù, a ò ní gbé nǹkan kan síbẹ̀ lọ.