Ọjọ́ tí òkun dé Kabba

Ẹ wo ibi tí Kabba wà. Òkè níwá, òkè lẹ́yìn, iṣu la fi ń ṣe yangàn. Odò Ọya gan-an, ó di Lọ́kọ́ja kéèyàn tó fojú kàn án. Òkun tiwa ò ju ti ẹnu lọ: "Okun o!" la fi ń kí ara wa láti ilé dé oko. Bí ẹ bá sì yọ àmì ohùn kúrò lórí òkun olómi, lẹ́tà kan náà ló kù. Ó tó gbogbo ìlú. Èmi nìkan ni kò tó.

Mo ní táńkì ẹja kan ní pálọ̀, gíláàsì, 90 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 40 ní ìbú, 45 ní gíga. Ẹja góòlù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, àwọn onírù gígùn tó ń wọ́ lẹ́yìn wọn bí aṣọ ìyàwó. A wà jẹ́jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó tó ń sin ẹja omi iyọ̀ ló kó bá mi. Ó fi fídíò táńkì tirẹ̀ ránṣẹ́: omi ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bí ẹni pé etíkun ló wà. Ó ní wave maker ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ti omi ni, kò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Òòfà méjì ló dì í mọ́ gíláàsì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Iyùn ààyè inú òkun kò lè dìde lọ wá oúnjẹ, omi ló gbọ́dọ̀ gbé e wá bá a lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹja tèmi ní lẹbẹ, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Mo rà á síbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo tò ó. Bọ́tìnnì méjì ló ní. Ọ̀kan ń sọ bí yóò ṣe lágbára tó, èkejì ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dákẹ́, kó tún tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi í sí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Omi kàn ń gbọ̀n bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Mo dín in kù sí ẹyọ kan. Ó ń gbọ̀n náà ni. Mo pe ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní, "O ò ti ọmọdé lórí jáńgílófà rí ni? Tó o bá tì í nígbà tó ṣì ń bọ̀, o dá a dúró nìyẹn. Jẹ́ kó padà dé ọ̀dọ̀ ẹ tán ná."

Ó ní gbogbo táńkì ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bó ṣe gùn sí àti bí omi rẹ̀ ṣe jìn sí ló ń sọ ọ́. Ni mo bá ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá rédíò BBC lóru. Nígbà tó dé 0.6, gbogbo omi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà! Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, àlọ àtàbọ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í títí di aago kan òru. Àwọn ẹja ti kó ara wọn jọ sẹ́yìn òkúta, wọ́n ń wò mí.

Ìyàwó mi yọjú láti yàrá. "Ṣé ò ń bá wọn ṣeré ni, àbí ò ń jẹ wọ́n níyà?"

Mi ò dá a lóhùn. Ẹni tí kò mọ iyì òkun, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un?

Wáyà ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí ìdérí bo mọ́, mo bá gbé e sílẹ̀. Kò séwu, ọyẹ́ ti fa omi inú táńkì wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Bí ìgbì ṣe ga tó, ó ku ìka méjì kó kan etí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná lọ. Ta ló máa ń rántí yọ nǹkan kúrò lára iná tó ti lọ?

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àgbà méjì dé nítorí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi. Bàbá wọ agbádá aṣọ òkè. "Okun o!" Mo dọ̀bálẹ̀. Àga tó dára jù la fún un, èyí tó kángun sí táńkì. Wọ́n ń ṣírò iṣu lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè: omi kún táńkì dé etí.

Màmá mi tẹ̀ sí mi létí. "Mo bá ẹ pọn omi sí i láàárọ̀. Omi wọn ń gbẹ, o ń sùn. Garawa méjì."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àní, mo dúpẹ́.

Bí wọ́n ṣe dé orí ogójì iṣu, àwọn ọmọ pariwo níta: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ hùn, hùn, hùn.

Ìgbì àkọ́kọ́ kàn fọwọ́ kan ọrùn Bàbá ni. Ó wo àjà. "Òjò, nínú ọyẹ́?" Ìkejì ṣí fìlà rẹ̀. Ìkẹta kò ṣeé ròyìn. Apá kejì táńkì náà ò sì gbẹ́yìn, orí bàtà àwọn àlejò ló ń da tirẹ̀ sí.

Ẹkisitẹ́nṣọ̀n wà nílẹ̀ nídìí táńkì, mi ò jẹ́ fọwọ́ tútù kàn án. Mo sáré lọ síbi mítà láti pa gbogbo iná ilé.

"Má pa iná o!" Gbogbo ilé ló pariwo. Bàbá fúnra rẹ̀, tí omi ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀, dìde dúró: "Ṣé orí ẹ pé? Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Fóònù mi wà ní ṣájì!"

Mo pa á. Wọ́n ṣì ń bínú iná yẹn ju ti omi lọ títí di òní.

Màmá ká agbádá náà sínú garawa, wọ́n bu omi tútù lé e kí òórùn ẹja má bàa mú un, Bàbá sì gbé garawa rẹ̀ lọ sílé nínú bùbá mi tó fún un ní ikùn. Ìyàwó mi ń nu ilẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Okun o." Mi ò mọ èyí tó ń wí nínú méjèèjì.

Mo ka ẹja. Márùn-ún. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá abẹ́ àga, mo gbọn bàtà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù dún. Bàbá ni. Ó ní ìyàwó òun ti bu ọṣẹ sọ́wọ́, ó fẹ́ dà á sí garawa, ló bá rí nǹkan pupa tó yọjú láti inú ọwọ́ agbádá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé irú èyí máa ń jẹ ẹ̀bà?"